Kí O Tó Yí Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Yẹn

Gowon Estate,
Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Olúmìdé, Àjàní ọkọ mi,

Mi ò ní fi ìbéèrè àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, torí ẹni tó lè dá mi lóhùn wà nínú pálọ̀ mi báyìí. Ìyàwó ẹ ti dé. Ó ti ibi iṣẹ́ ẹ̀ wá tààrà, bó o ṣe ní kó ṣe. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, Olúmìdé ní kí n wá rí yín," ó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Mo gbé ẹ̀fọ́ fún un pé kó bá mi ṣà á. Ó ń ṣà á lọ. Gbogbo ìgbà tí bírò mi bá dúró ló ń gbójú sókè wò mí. Ó rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni mò ń kọ.

Ọ̀rọ̀ tó o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Túsìdeè ni mo fẹ́ dáhùn. O ní Bùnmi já ẹ nírọ́ lójú mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, níwájú ẹ́ńjìnnì, o ní kí n bá a wí, kó lè mọ̀ pé a kì í bá ọkọ ẹni jiyàn lójú ìyá ẹ̀. O tún ní tó bá di àárọ̀ Sátidé, wàá de gbogbo bóòtù tó kù, wàá sì yí kọ́kọ́rọ́, torí ọjọ́ Mọ́ńdè lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun n'Íkẹjà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ẹ́ lórí fóònù. Kí èèyàn tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, "Ẹ ṣé mà, mo ti gbọ́" ni. Lẹ́tà ò ṣeé já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Kí n tètè sọ èyí tó ká mi lára jù: má yí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Òótọ́ ni ohun tí Bùnmi sọ. Èmi náà rí i.

Jẹ́ kí n rán ẹ létí bó ṣe lọ, bóyá ìbínú ò jẹ́ kó o rí i bó ṣe rí. Mọ́tò tí bàbá ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà yín ní Ìgandò. Ẹ ti gbé e sórí jáàkì, ẹ ti yọ táyà iwájú kan. Ìwọ wà nísàlẹ̀, o fi sípánà mú gíà ìsàlẹ̀. Bùnmi wà lókè, ó di tọ́ọ̀ṣì mú, òun ló ń bá ẹ wo àmì tó wà lára gíà òkè. Èmi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mò ń jẹ ẹ̀pà mi jẹ́ẹ́jẹ́. O ti yọ táímìn bẹ́líìtì àtijọ́, rọ́bà eléyín tó so gíà méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí, o ti fi tuntun sí i. Bó o ṣe fa bẹ́líìtì náà le tán ni Bùnmi ní, "Àmì òkè ti yẹ̀ o. Ó dà bíi pé ó fi eyín kan yẹ̀." O dìde, o wò ó lóòró bó o ṣe wà, o ní ó wà níbi tó yẹ kó wà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó." Dípò kó o bẹ̀rẹ̀, ojú mi lo kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn ìyẹn lo wá sọ fún un pé, "Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Òjò dé kó tó fèsì. Ẹ sáré fa tapólì bo iwájú mọ́tò, Bùnmi wọlé, kò sì jáde mọ́ títí mo fi lọ.

Mo gbọ́ "ẹ" tó ń bá ẹ sọ. Mo mọ̀ pé nítorí mi ni, torí nígbà tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yin méjèèjì, "o" lẹ máa ń bára yín sọ, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ọmọ yẹn bọ̀wọ̀ fún ẹ dé orí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ló tún kù tó o fẹ́ kó ṣe?

Nígbà tó o dìde, èmi náà sún mọ́ ibẹ̀, mo tẹ orí wálẹ̀ títí ojú mi fi bá gíà yẹn dọ́gba. Àmì náà ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Kì í ṣe pé o ò mọ iṣẹ́. O ga ni. Ẹni tó bá dúró lókè wo àmì yẹn, á máa rí i bíi pé ó ti dé, torí òkè ló ti ń wò ó wálẹ̀. Bùnmi ò ga, ojú ẹ̀ sì bá a dọ́gba. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, àbí? Mo rò pé tí òjò bá dá wàá padà lọ wò ó. Àfi bó o ṣe pè mí pé ìyàwó ẹ ti rí ẹ fín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, torí náà jókòó, kó o gbọ́ ìtàn kan tó o ti gbọ́ rí. Bàbá ẹ fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ fáwọn àlejò, ẹ̀rín ló sì máa ń fi sọ ọ́. Èmi ò ní fi ẹ̀rín sọ ọ́ lónìí.

O mọ̀ pé bàbá ẹ kì í ṣe mẹkáníìkì. Ọ́fíìsì ló ń lọ. Mẹkáníìkì kan ló gbé mọ́tò ẹ̀ lọ síbi ìsìnkú àna ara ẹ̀ láìsọ fún un, ó tún bá a gbé èèyàn mẹ́fà padà. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá ẹ ti ra sípánà tiẹ̀. A ò tíì pẹ́ tá a ṣègbéyàwó nígbà náà, yàrá kan la gbà n'Íkòtún. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Láyí, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá mú wa, torí ìyá wọn ò gbádùn, kò sì lè wá síbi ìgbéyàwó wa. Màmá yẹn ti ń retí láti rí ìyàwó. Bàbá ẹ ní òun ò ní fi bẹ́líìtì tó ti gbó rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, òun á pààrọ̀ ẹ̀ ká tó lọ. Òun wà nísàlẹ̀, èmi wà lókè tèmi ti tọ́ọ̀ṣì, Bọ̀ọ̀dá Láyí dúró tì wá, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Mo rí i. Bí mo ṣe ń rí bírò yìí ni mo rí i, àmì òkè ti fi eyín méjì kọjá ibi tó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé wa ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi: bí ọkọ ẹ bá ní funfun ni dúdú lójú ẹbí ẹ̀, gbà fún un, tẹ́ ẹ bá wọ yàrá, kó o wá tún un sọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà bí màá ṣe mú ọkọ mi wọ yàrá. Mo ní, "Ẹ ò wá mu omi ni?" Ó ní òǹgbẹ ò gbẹ òun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan kan nínú yàrá." Bọ̀ọ̀dá Láyí bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó, fi sùúrù sí i, jẹ́ kó parí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ná, yàrá ò ní sá lọ." Ojú gbà mí tì, mo pa ẹnu mọ́. Ọkọ mi nu ọwọ́, ó jókòó sínú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà táwo fọ́ nínú àpò, ó sì dákẹ́. Torí gíà méjèèjì ò yí pọ̀ bó ṣe yẹ, písítìnì ti gbá àwọn fáàfù nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti tẹ̀ wọ́n. Mọ́tò yẹn wà níbẹ̀ títí òjò ọdún náà fi dá, adìyẹ ará ilé wa lọ yé ẹyin sínú ẹ̀. Ọkọ̀ èrò la wọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì.

Inú ọkọ̀ yẹn ló ti bi mí. Ó ní, "Ṣé o rí i?" Mo ní, "Mo rí i." Ó ní, "Kí ló dé tó ò sọ?" Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá wà níbẹ̀." A ti kọjá Ìbàdàn kó tó yí sí mi. Ó wá ní, "Tí ìwọ bá ń wo ojú Bọ̀ọ̀dá, témi náà ń wo ojú Bọ̀ọ̀dá, ta ló wá ń wo ẹ́ńjìnnì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló di òfin ilé wa. Ẹni tó bá di tọ́ọ̀ṣì mú ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ì báà jẹ́ kábíyèsí ló dúró tì wá. Bàbá ẹ ò sì yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kankan mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yí padà sí mi, kó ní, "Kí lo rí?" Ó wá ń bi mí bẹ́ẹ̀ lórí ohun gbogbo. Nígbà tí a wá wo ilé yìí kí a tó gbà á, ó ní, kí lo rí? Nígbà tí ara ìwọ gbóná tí dókítà ní ibà lásán ni, ó ní, kí lo rí? Ìwọ náà máa ń fi ṣeré nígbà tó o wà ní kékeré. Tí mo bá ti ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ìwọ ni wàá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wàá ní, "Mọ́mì, kí lẹ rí?" O ti gbàgbé ni?

Ohun tó dùn mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Àjàní, kì í ṣe pé Bùnmi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí pé ojú mi lo kọ́kọ́ wò kó o tó dá a lóhùn. Tí mi ò bá sí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá wò ó, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lọ nìyẹn. Èmi ni mo wá di Bọ̀ọ̀dá Láyí nínú ilé ọmọ mi. Mi ò fẹ́ ẹ, mi ò sì gbà á.

Ó dáa. Wá gbọ́ bó o ṣe máa ṣe é. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì lórí ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn gan-an nígbà tí bàbá ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀ kẹ́yìn, torí náà má rò pé ìtàn lásán ni mò ń pa.

Àkọ́kọ́, yọ orí bátìrì sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣèèṣì yí kọ́kọ́rọ́, ìwọ gan-an alára. Kó o sì wá igi tó nípọn tì í lábẹ́. Jáàkì nìkan lẹ fi gbé mọ́tò yẹn dúró lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo sì ń wo ẹsẹ̀ ẹ lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀pà ò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Èkejì, wò ó bóyá omi òjò yẹn wọlé sára bẹ́líìtì. Tó bá wọlé, nù ún gbẹ. Má fi ọwọ́ tó ní ọ́ìlì kàn án, má sì ká a bí ẹni ká bẹ́líìtì ṣòkòtò. Bẹ́líìtì tí wọ́n bá ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú ló ti ń já, ojú ò ní rí i.

Ẹ̀kẹta, dẹ rólà tó ń fa bẹ́líìtì le, kó o yọ bẹ́líìtì kúrò, kẹ́ ẹ wá dá àmì méjèèjì padà síbi tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi wọ́n sí. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Tí bẹ́líìtì ò bá sí níbẹ̀, má yí òkè tàbí ìsàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ìgbà yẹn gan-an ni písítìnì àti fáàfù lè gbá ara wọn. Àmì ṣọ́ọ̀kì tó o fà lọ́jọ́ yẹn ti pa rẹ́, má tẹ̀ lé e. Ní kí Bùnmi yá ẹ ní pẹ́ńtì èékánná ẹ̀, èyí tó pupa, kó o fi kun ojú àmì gidi. Tó o bá fẹ́ fi bẹ́líìtì sí i padà, ẹ̀gbẹ́ tí rólà ò sí ni kó kọ́kọ́ le, kó o tó wá jẹ́ kí rólà fa ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibi tó bá dẹ̀ yẹn ni eyín kan ti ń yọ́ lọ. Mo rò pé ibẹ̀ náà ni tìẹ ti sọnù.

Èwo ló kàn? Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Fi sípánà yí gíà ìsàlẹ̀ ní ìyípo méjì gbáko, síbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí nìkan, má yí i sẹ́yìn. Tó bá dé ibì kan tó le, tó kọ̀, dúró. Má fagbára mú un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Tí ìyípo méjì yẹn bá pé, kí àmì òkè àti tìsàlẹ̀ padà bọ́ sójú ibi tí wọ́n wà. Tí wọn ò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe. Ìgbà mélòó ni? Ìgbàkígbà tó bá gbà yín, jàre. Èmi àti bàbá ẹ tú u títí ìrẹsì fi jóná lórí iná lọ́jọ́ kan.

O lè ní tiwa yẹ̀ ní eyín méjì, tìẹ ò ju ẹyọ kan lọ, ẹyọ kan ò sì lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bóyá lóòótọ́. Ó lè máa gbọ̀n, kó máa jẹ epo, kó máa ráre tó bá fẹ́ gun bíríìjì Abúlé Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹ pé ẹyọ kan ni? Bùnmi ni. Ìwọ ò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ tó o kọ̀ lẹ́nu ẹ̀ náà lo tún fẹ́ gbára lé.

Ní ti ọjọ́ Mọ́ńdè, tí mọ́tò ò bá tíì ṣetán, wọ bọ́ọ̀sì. Jí ní kùtùkùtù, lọ wọkọ̀ n'Ígandò bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ níbi iṣẹ́ pé kí lo gbé wá. Ìkánjú ọjọ́ kan ò tó nǹkan tí wàá fi ẹ́ńjìnnì bàbá ẹ tánràn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó kù ò kan sípánà. Ẹ̀rù ń bà mí fún ẹ, ọmọ mi, màá sì sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe mọ́tò. Ìyàwó tí ọkọ bá pa lẹ́nu mọ́ lórí ẹ́ńjìnnì lónìí, á rí egbò lára ẹ lọ́la, kò ní sọ. Á rí i pé ọ̀rẹ́ kan fẹ́ tì ẹ́ sí kòtò, kò ní sọ. Á rí nǹkan lára ọmọ yín, á kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó jókòó. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú ilé ọkọ àti aya, tẹni méjì ló ń bá a dákẹ́. Ọlọ́run ló ṣíjú àánú wò wá tó fi jẹ́ pé mọ́tò nìkan ló bàjẹ́ lọ́wọ́ èmi àti bàbá ẹ.

Má sì tún fi ìyàwó ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá a wí. Tó bá fẹ́ wá kí mi, kó wá, ẹ̀fọ́ wà fún un láti ṣà. Ẹjọ́ yín, ẹ máa jókòó dá a nílé yín. Tí mo bá sì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ jiyàn, ẹ máa jiyàn yín lọ. Màá máa jẹ ẹ̀pà mi.

Tí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi tọ̀tún fà á mọ́ra. O mọ ọwọ́ tí mo fi kọ èyí. O mọṣẹ́, o ní ìfaradà, o sì jọ bàbá ẹ débi pé tó o bá tẹ̀ sábẹ́ mọ́tò yẹn, mi ò kì í lè wò ẹ́ pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó o pàdánù ohun tí bàbá ẹ ra ní ọ̀wọ́n.

Bùnmi ti ṣa ẹ̀fọ́ tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní, "Mà, ṣé kí n mú lẹ́tà náà lọ fún un?" Mo ní kó mú un lọ. Mo ní tó bá ti fi lé ẹ lọ́wọ́, kó dúró síbẹ̀ títí wàá fi kà á tán. Kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Láti ibí dé Ìgandò, á máa di ẹ̀sùn tí kò sí mú lọ́wọ́, inú mi ò sì dùn sí i, àmọ́ ẹnu ìwọ ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu tèmi.

Ó wà níwájú ẹ báyìí. Pa ìwé yìí dé, kó o wo ojú ẹ̀, kì í ṣe ojú mi. Bi í ní ohun tí bàbá ẹ máa ń bi mí, kó o sì dákẹ́ títí á fi sọ tán.

Kí lo rí?

Èmi ni ìyá ẹ.